Ọfà Aláìlórúkọ Lórí Iṣẹ́ Mi

Nígbà tí mò ń kúrò ní Kétu, mo sọ fún gbogbo ẹni tó ń dárò mi pé kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè ni mò ń lọ. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Èkó, Yorùbá ni à ń sọ nílé wa. Ààlà tó pín wa, òyìnbó ló fà á. Kò sí baba wa kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé bí ìgbà tí èèyàn kúrò ní yàrá bọ́ sí pálọ̀ ni yóò rí.

Búrẹ́dì ni mo lọ rà ní Ìsọlọ̀ tí ojú mi fi là. Mo kúnlẹ̀ kí obìnrin tó ń tà á, bí a ti ń kí àgbà nílé, mo sì sọ ohun tí mo fẹ́. Ó wò mí títí.

"Ọmọ ibo ni ẹ?"

"Ọmọ Kétu ni mí, mà."

"Kétu wo? Ti ọ̀nà Ọjọ́ta yẹn?"

"Rárá, mà. Kétu ti Alákétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀."

"Áà! Ọmọ Kútọnu!"

Bó ṣe gba owó ọwọ́ mi nìyẹn, ó gbé e sókè sójú oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Owó Nàìjíríà ni o, irú èyí tí òun gan-an ń ná. Láti ọjọ́ náà ni Kútọnu ti di orúkọ mi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Kútọnu rí, ìdánwò ni mo sì lọ ṣe. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà?

Mo gba yàrá kan nínú fúláàtì Ìyá Ṣẹ́gun ní Jakande Estate. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè bí ẹni pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni ó fi àgádágodo sí fíríìjì rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe tìtorí ẹ o. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀." Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ìsọ̀ ṣì wà lára àgádágodo náà.

Ẹ má rò pé aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni èmi náà. Télọ̀ ni ìyá tó bí mi, àárín àwọn oníbàárà tó ń parọ́ nípa aṣọ tí wọ́n mú wá ni mo sì dàgbà sí. "Ìfura loògùn àgbà," ló máa ń sọ. "Páńsá kò fura, páńsá já sínú iná, àjà kò fura, àjà jìn." Mo ti mu oògùn yìí yó kí n tó dé Èkó. Nígbà tí ibà dè mí mọ́lẹ̀ tí Ìyá Ṣẹ́gun gbé ọbẹ̀ ata gbígbóná wá bá mi lórí ibùsùn, mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ dáadáa kí n tó fẹnu kàn án.

Ọ́fíìsì wa wà lórí òkè ilé kan lẹ́bàá Ìsọlọ̀ Industrial Estate, bí ọkọ̀ àjàgbé bá sì ń kọjá, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n. Àwa là ń ṣe áàpù fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n yàwòrán ojú áàpù náà kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù: ibi tí bọ́tìnnì máa wà, àwọ̀ tó máa ní, ohun tí èèyàn máa rí tó bá tẹ̀ ẹ́. Èmi àti Àǹtí Rónkẹ́ la jọ ń ṣe é. Ọmọ Ìkìrun ni, ó jù mí lọ dáadáa, ó sì ti bá ọ̀gá wa ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ọ́fíìsì ṣì wà nínú pálọ̀ ọ̀gá. Lọ́sàn-án, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá dé láti ilé ìwé, wọ́n á pè é, á sì máa sọ fún wọn lórí fóònù bí wọ́n ṣe máa gbé oúnjẹ kaná. Lẹ́yìn àwa méjèèjì, àwọn ọkùnrin méjì kan wà tó ń kọ kóòdù, tí nǹkan ìgbọ́rin kì í kúrò létí wọn.

Mo rò pé Àǹtí Rónkẹ́ kò fẹ́ràn mi. Ní ọjọ́ tí mo pe kọ̀ǹpútà ní "òdínátọ̀" bí a ti ń pè é nílé, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rín. Mo ronú lé ìyẹn ju ẹ̀rín àwọn yòókù lọ.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Múyìíwá pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Kútọnu, sit down. Sọ́fúwià tá a fi ń ṣe dìsáìn, mo fẹ́ ká mú ẹyọ kan, ká dúró lórí ẹ̀. Rónkẹ́ ń lo tiẹ̀, ìwọ náà ń lo tìẹ, àwọn tó ń kọ kóòdù ò wá mọ èwo ni wọ́n máa tẹ̀lé. Fi méjèèjì ṣe iṣẹ́ warehouse yẹn. Month end, wá sọ fún mi: this one. Finish."

"Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe Àǹtí Rónkẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bi?"

"Tí mo bá bi Rónkẹ́, mo ti mọ ohun tó máa sọ." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Wò ó, lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, mi ò rò pé designer méjì lè jẹun níbí. Ẹni tó bá lè lo èyí tó o bá mú, òun la máa mú. Ó yé ẹ, àbí?"

"Ó yé mi, sà."

Ó yé mi ju bó ṣe fẹ́ lọ. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló lé obìnrin tó bá òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú pálọ̀. Ọwọ́ mi ló fẹ́ lò kí ọwọ́ tirẹ̀ lè mọ́. Àlejò ló dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, ilé àlejò kò jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé sọ́fúwià méjèèjì. Èyí tí Àǹtí Rónkẹ́ ń lò, inú kọ̀ǹpútà ẹni ló ń gbé. Bí iná lọ, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú, ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ yín títí bátìrì á fi tán. Kò sí ẹni tó máa rí ohun tí ẹ ń ṣe títí ẹ ó fi gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oríṣi kọ̀ǹpútà kan péré ló ń gbà á, fáìlì á sì máa lọ á máa bọ̀: ọ̀kan á máa jẹ́ "ìparí," òmíràn "ìparí tuntun," òmíràn "ìparí gan-an," àwọn tó ń kọ kóòdù á sì mú èyí tí kì í ṣe òun. Àtijọ́ ni mo ń pè é lọ́kàn mi.

Tuntun, èyí tí èmi mọ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Kọ̀ǹpútà yòówù kó jẹ́, á ṣí i, fóònù gan-an á ṣí i. Gbogbo ọ́fíìsì lè wọ inú fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọwọ́ oníkálùkù sì máa hàn bí ọfà kékeré tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo sọ èyí fún ìyá mi lórí fóònù.

"Ọ̀fẹ́?" ló wí. "Kí ni wọ́n wá ń gbà lọ́wọ́ yín?"

"Wọn ò gba nǹkan kan, ìyá mi."

"Wọn ò tíì gbà á ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ warehouse tí ọ̀gá wí, ti ilé ìkẹ́rùsí kan. Àwọn awakọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ló máa lo áàpù náà láti sọ pé àwọn ti gbẹ́rù, àwọn ti já a. Mo ya ojú àkọ́kọ́, mo ya bọ́tìnnì. Ọjọ́ kejì ni mo rí ọfà kan tí kò lórúkọ. Ẹni tó bá ti ojú líǹkì wọlé láì forúkọ sílẹ̀, aláìlórúkọ ni wọ́n ń kọ sí i lábẹ́. Ọfà náà wọlé, ó dúró lórí bọ́tìnnì mi, ó yí i ká, ó sì jáde. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nílé wa, èèyàn kì í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó kọjá láì sọ pé "ẹ kú iṣẹ́." Àní ẹni tí ẹ jọ ń bínú, bó bá bá yín níbi tí ẹ ti ń roko, á kí yín, á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá dúró lé èèyàn lórí tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ibi ló ń rò. Mo gbé ojú sókè: ọ̀gá wà nínú yàrá rẹ̀, Àǹtí Rónkẹ́ wà níbi tábìlì rẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, àwọn ọkùnrin méjèèjì ń mi orí sí orin wọn. Kò sẹ́ni tó wò mí.

Ojoojúmọ́ ni ọfà náà ń wá. Mo kọ́kọ́ fura sí ọ̀gá: bóyá ó ń wò ó bóyá mo ń ṣiṣẹ́ tàbí mò ń sùn. Mo wá fura sí àwọn ọkùnrin méjèèjì, àmọ́ iṣẹ́ wọn ni láti wọlé, orúkọ wọn sì máa ń wà lábẹ́ ọfà wọn. Mo fura sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi détà fóònù mi ṣiṣẹ́.

Ìfura yẹn ló là mí lójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá ti lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Ọfà náà ń jó yí bọ́tìnnì mi ká. Bí wọ́n ṣe mú iná lọ báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì kú, èmi ṣì wà lórí détà mi. Ọfà náà pòórá lójú ẹsẹ̀. Inú ọ́fíìsì ló wà, nígbà náà. Ọ̀gá ò sí nítòsí, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì ti jáde lọ jẹun. Ó ṣẹ́ ku ẹnì kan.

Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ ṣí fèrèsé ẹ̀yìn Àǹtí Rónkẹ́, mo gba àárín àga rẹ̀ àti ògiri kọjá. Bọ́tìnnì mi ló kún ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó yára pa ojú kọ̀ǹpútà náà dé.

"Kí lò ń wá?"

"Fèrèsé ni mo fẹ́ ṣí, mà. Ooru ń mú."

"Ó ti wà ní ṣíṣí."

Òótọ́ ni, ó ti wà ní ṣíṣí.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ náà, inú ń bí mi débi pé mò ń sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. Olè. Àgbà olè. Ó fẹ́ kó iṣẹ́ mi, kó gbé e fún ọ̀gá bíi tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ọmọ Kútọnu ránṣẹ́ sílé. Mo ti to gbogbo ohun tí màá sọ fún ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ kejì sẹ́nu. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà Jakande kí n tó rántí ohun tí mo rí gan-an. Kì í ṣe bọ́tìnnì kan. Bọ́tìnnì kan náà ni, ó pọ̀ lọ súà, gbogbo wọn ló wọ́. Ọ̀rọ̀ ń tú jáde létí àwọn kan, àwọn mìíràn fẹ̀ jù.

Nínú tuntun, èèyàn lè ṣe bọ́tìnnì tó ń fẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí awakọ̀ bá kọ Ẹ̀pẹ́, á kéré. Bó bá kọ Ìjẹ̀bú-Òde, á na ara rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà. Nínú àtijọ́ bí Àǹtí Rónkẹ́ ṣe ń lò ó, ọwọ́ ló fi ń na ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń gbìyànjú láti mọ̀ nìyẹn, tí kò sì tíì mọ̀. Olè kì í jí ohun kan náà lójoojúmọ́. Ó ń kọ́ṣẹ́ ni. Ojú sì ń tì í láti bi ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ́sítéètì náà, ọ̀rọ̀ náà sì wá dùn mí lọ́nà mìíràn. Bí mo bá mú àtijọ́, èmi ni màá lọ, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó Àǹtí Rónkẹ́. Yàrá mi á lọ, màá padà sí Kétu níbi tí ìyá mi ti sọ fún gbogbo oníbàárà pé ọmọ òun wà ní Èkó. Bí mo bá mú tuntun, obìnrin tó ń fi fóònù gbọ́únjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa lọ. Ó dájú pé òun náà ti fura sí i, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tó fi ń yọ́ kẹ́lẹ́ wá sórí iṣẹ́ mi. Gbogbo bí mo ṣe ń fura sí i, òun náà ń fura sí mi: wọ́n ti lọ mú ọmọ kan wá láti ibi tí a ò mọ̀, kó wá gba àga mi.

Mo pe ìyá mi.

"Ẹni tó ń wo ọwọ́ rẹ," ó ní, "ohun tí ọwọ́ rẹ mọ̀ ló fẹ́ mọ̀. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Ṣé kí n jẹ́ kó mọ̀ ọ́n?"

"Ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n tán, nígbà mìíràn, ojú pópó kan náà ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n mi ò fi ọwọ́ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́ kankan rí."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọfà aláìlórúkọ wọlé, mo pa bọ́tìnnì mi rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rọra ń ṣe é bí ẹni pé ọwọ́ ń dùn mí. Mo kọ ọ̀rọ̀. Mo dúró. Mo fi àpótí yí i ká. Mo dúró. Ọfà náà wá sí ibi tí mo tẹ̀, ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Mo tú u palẹ̀, mo tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ní gbangba, Àǹtí Rónkẹ́ ṣì ń jágbe mọ́ mi pé omi ife mi ń dà sórí tábìlì, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ohun tí kì í ṣiṣẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ohun ìṣeré ni.

Ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí ó ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i ni ìdí tí wọ́n fi máa fẹ́ mi ń dín kù. Nígbà mìíràn, màá ti fẹ́ sáré ṣe é kí ojú rẹ̀ má lè tẹ̀lé e. Ìyá mi ò fi ọwọ́ pamọ́, àmọ́ ìlú rẹ̀ ni ìyá mi wà, kò sẹ́ni tó lè ní kó máa lọ sílé.

Ìparí oṣù pé. Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ yí tábìlì mi ká. "Ehen, Kútọnu. Which one?"

"Tuntun ni, sà." Mo gbọ́ tí Àǹtí Rónkẹ́ mí kanlẹ̀. "Àwọn awakọ̀ lè ṣí i lórí fóònù wọn kí a tó kọ kóòdù kankan, kí wọ́n sọ ibi tó ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ni, kò sí pé èwo ló gbẹ̀yìn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ìyà á jẹ wá, mi ò ní parọ́. Síbẹ̀ òun ló dáa jù fún iṣẹ́ wa."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yíjú sí Àǹtí Rónkẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. "Rónkẹ́, come. Ṣe ojú kan fún wa níbẹ̀, ká rí i."

Àǹtí Rónkẹ́ jókòó sí àga mi. Ó kọ ọ̀rọ̀, ó fi àpótí yí i ká, ó kọ Ẹ̀pẹ́, bọ́tìnnì náà kéré. Ó kọ Ìjẹ̀bú-Òde, bọ́tìnnì náà na ara rẹ̀, kò sí lẹ́tà kan tó tú jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó ń kọ kóòdù yọ nǹkan etí rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gá.

"So o mọ̀ ọ́n báyìí?" Ó ronú díẹ̀, ó sì yíjú sí mi. Ó ń ṣe bí ẹni ń ṣàwàdà, àmọ́ mo ti mọ àwàdà rẹ̀. "Tí Rónkẹ́ bá wá mọ̀ ọ́n, kí la ń fi Kútọnu ṣe?"

Mo wo Àǹtí Rónkẹ́. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, pé òun kọ́ ara òun, kí n lọ máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Kò sí ẹni tó máa já a nírọ́. Mo ti ń rò ó bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi.

"Òun ló kọ́ mi," Àǹtí Rónkẹ́ wí.

"Ìgbà wo?"

"Everyday. Mò ń yọ́ wọlé sórí iṣẹ́ ẹ̀, mi ò forúkọ sí i, mò ń wo ọwọ́ ẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́. Ó mọ̀ pé èmi ni. Ó wá ń rọra ṣe é kí n lè rí i, kò sì wá sọ fún yín." Ojú tì í débi tó ń wo ilẹ̀. "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ẹnì kan níbí, ẹ yọ ẹni tó ń yọ́ wọlé. Ẹ má yọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn."

Ọ̀gá fọwọ́ ra orí. "Ta ló sọ pé a fẹ́ yọ èèyàn? Haba." Ó wo fóònù rẹ̀ bí ẹni pé ó dún, kò sì dún. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ jàre. Èmi náà máa wá iṣẹ́ kún iṣẹ́." Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Mo wo ojú Àǹtí Rónkẹ́ dáadáa, mò ń wá ẹ̀tàn níbẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ó nu omijé rẹ̀, ó fa àga mìíràn sún mọ́ èyí tó jókòó lé, ó fọwọ́ gbá a.

"Jókòó," ó ní, lójú gbogbo wọn. "Ibi tí èèyàn ti ń jẹ́ kí bọ́tìnnì méjì máa fẹ̀ pọ̀, kò tíì yé mi. Kọ́ mi."